Ojú Kan, Fọ́tò Méjì: Báwo Ni Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Fi Awọ Ara Hàn?

Màmá àgbà kan jókòó ní pálọ̀ ọmọ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọmọ-ọmọ wọn gbé fóònù sókè, fíláàṣì kọ yẹ̀rì, fọ́tò dé. Gbogbo ilé pé lé e lórí. Gèlè hàn, iyùn ọrùn hàn, ṣùgbọ́n ojú Màmá rí pẹrẹsẹ bí ìdí àwo. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta tí a bù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn láti kékeré ti pòórá bí ẹni pé a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dànù. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ta wá nìyí?"

Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, Màmá gbé àga lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí wọn. Ọmọ náà tún yà wọ́n. Ó pa fíláàṣì, ó sì sọ fọ́tò náà di dúdú-funfun. Lọ́tẹ̀ yìí, pélé dúró lóòró, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣeé kà. Ìhunjọ tó wà létí ojú hàn fínnífínní, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, iwájú orí sì ń dán níwọ̀nba níbi tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti kàn án. Fóònù kan náà ni. Ojú kan náà ni. Kí ló wá yí padà?

Ohun mẹ́ta ni: igun tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé, bí orísun ìmọ́lẹ̀ náà ṣe tóbi tó, àti ohun tí awọ ara ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe nígbà tó bá bà lé e. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oko ebè ní kùtùkùtù

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi fún bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án. Àrán rọ̀, èlùbọ́ tí a jọ̀ dáadáa kúnná, èèpo igi rí gbágungbàgun, ẹja àrọ̀ ń yọ̀ bọ̀rọ́. Níbí, a ó pe ohun tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń tọ́ka sí ní ìrílọ́wọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú kò ní ìka. Bébà fọ́tò tẹ́ pẹrẹsẹ, gíláàsì fóònù náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Síbẹ̀, ẹni tó bá wo fọ́tò àgbàlagbà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ onítọ̀hún yóò ṣe rí tí a bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òjìji ló ń bá ojú ṣe iṣẹ́ ìka.

Ẹ wo oko iṣu. Lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn wà ní àtàrí, ẹni tó dúró lórí òkè tó ń wo oko náà nísàlẹ̀ lè má mọ ebè yàtọ̀ sí poro. Kó padà wá ní kùtùkùtù, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ: ebè kọ̀ọ̀kan yóò ní ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn, òjìji rẹ̀ yóò nà gbọọrọ wọ inú poro, a ó sì lè ka ebè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnikẹ́ni ò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà láàárín àkókò yẹn. Igun ìmọ́lẹ̀ nìkan ló yí padà.

Òṣùpá náà ń jẹ́rìí sí i. Àwọn tó ń fi awò wo òkè àti kòtò ojú òṣùpá kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ alẹ́ tí òṣùpá bá pé, nítorí pé nígbà náà ẹ̀yìn wa ni oòrùn ti ń tàn sí i, òjìji òkè kọ̀ọ̀kan sì ń sá pamọ́ sẹ́yìn òkè tó dá a. Ìdajì òṣùpá ni wọ́n ń dúró dè, wọn a sì tẹjú mọ́ ààlà ibi tí ọ̀sán àti òru rẹ̀ ti pàdé.

Awọ ara jẹ́ oko kékeré. Ihò òógùn, irun wẹ́wẹ́, ìhunjọ, àpá àti ilà ni ebè àti poro rẹ̀. Fíláàṣì fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ojú kámẹ́rà, nítorí náà ibi tí kámẹ́rà ń wò ni fíláàṣì náà ń wò. Òjìji yòówù tó bá dá, ẹ̀yìn ohun tó dá a ló máa wà, kámẹ́rà ò sì ní rí i. Pélé Màmá, tó jẹ́ poro, kún fún ìmọ́lẹ̀ dé ìdí. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Etí poro kan kọjú sí i, èkejì kọ̀yìn sí i, ìlà dúdú tín-ín-rín sì yọ láàárín méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀ka kan tó yẹ ká dúró lé lórí. Pélé dúró lóòró, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fi ń dá a kọjá. Àbàjà, irú ilà mìíràn, dùbúlẹ̀ ní ìbú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá bá alábàjà, inú poro ilà náà ni yóò gbà kọjá bí omi inú gọ́tà, ilà ò sì ní hàn bó ṣe yẹ. Ẹni tó fẹ́ ya alábàjà ní láti gbé orísun ìmọ́lẹ̀ ga, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti òkè wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìhunjọ iwájú orí, tó sábà máa ń wà ní ìbú, ṣe ń hàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ òkè, tí ìhunjọ tó dúró láàárín ojú méjèèjì sì ń hàn lábẹ́ ti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn orí àtayébáyé tí wọ́n hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìlà wẹ́wẹ́ lóòró láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n. Bí a bá kọ fíláàṣì sí wọn lójú tààrà, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe wọ́n yóò sọnù nínú fọ́tò.

Èèrà tó wọ inú òjìji

Òjìji kan lè ní etí tó mú bí abẹ, kí òmíràn máa yọ́ lọ títí a ò fi ní mọ ibi tó parí sí. Láti mọ ohun tó fà á, ká fi èèrà kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá, kó máa rìn láti ibi ìmọ́lẹ̀ bọ̀ sínú òjìji imú. Bí orísun ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ gílóòbù kékeré lókèèrè, èèrà yóò máa rí odidi gílóòbù náà bó ṣe ń lọ. Ìṣísẹ̀ kan sí i, imú bo gílóòbù, ilẹ̀ ṣú lẹ́ẹ̀kan náà. Etí òjìji yẹn á mú.

Bí orísun náà bá jẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu ńkọ́? Imú ò lè bò ó lẹ́ẹ̀kan. Èèrà yóò kọ́kọ́ pàdánù etí ilẹ̀kùn kan, lẹ́yìn náà ìdajì rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ku ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kó tó di pé òkùnkùn dé. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, ìmọ́lẹ̀ ń dín kù ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ibi tí èèrà ti ń rí apá kan orísun ìmọ́lẹ̀ tí kò sì rí apá kejì ni a ó pè ní ààlà òjìji. Bí ààlà náà bá tín-ín-rín, ìmọ́lẹ̀ líle nìyẹn. Bó bá fẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ ni.

Lójú èèrà ni a ti ń wọn títóbi yìí. A lè to ayé tiwa yìí ní 109 sórí ìlà kan kó tó la àárín oòrùn já, ṣùgbọ́n oòrùn jìnnà débi pé kò tóbi lójú wa ju òṣùpá lọ, ìka kékeré tí a nà jáde sì lè bo òṣùpá pátápátá. Nítorí náà, fìtílà kékeré ni oòrùn ọ̀sán jẹ́ fún ayàwòrán. Òun ló ń sọ ihò ojú àwọn àlejò di kòtò dúdú nínú fọ́tò òde àríyá. Bí ìkùukùu bá bò ó, gbogbo ojú ọ̀run ti di fìtílà kan ṣoṣo, a ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wá òjìji tì.

Fèrèsé kan náà lè le, ó sì lè rọ̀. Ẹni tó jókòó tì í ń gba ìmọ́lẹ̀ gbígbòòrò; bó bá sún àga dé ògiri kejì, fèrèsé náà ti kéré lójú èèrà, òjìji á sì le sí i. Ibí yìí ni ayàwòrán ti ń yan bí ìrílọ́wọ́ yóò ṣe pọ̀ tó. Ihò òógùn kò jìn. Ìmọ́lẹ̀ láti ilẹ̀kùn ńlá ń rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀ láti igun púpọ̀, òjìji rẹ̀ á sì fúyẹ́. Imú ga, ilẹ̀kùn ńlá náà ò lè kó òjìji rẹ̀ kúrò tán. Ohun tó kù lójú ni ìrísí egungun àti ẹran, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìhunjọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ihò òógùn náà ṣeé kà bí owó ẹyọ, kó lo ìmọ́lẹ̀ líle láti ẹ̀gbẹ́.

Àgbàlá kan ní Bamako

Nǹkan bí ọdún 1921 ni wọ́n bí ayàwòrán Seydou Keïta ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali. Kámẹ́rà Kodak Brownie kan tí ẹbí rẹ̀ kan mú bọ̀ láti Senegal ló fi bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́mọdé. Ní 1948 ó ṣí ilé fọ́tò tirẹ̀ ní Bamako-Koura, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Inú àgbàlá ló ti ń ya ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ló sì fẹ́ràn jù.

Àgbàlá bẹ́ẹ̀ jẹ́ fìtílà tó ní ògiri. Ojú ọ̀run gbòòrò, ó ń rọ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ògiri ń dí i ní apá kan, kó má baà ti ibi gbogbo wọlé lẹ́ẹ̀kan. Bí oníbàárà bá yí èjìká díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, ààlà òjìji sì yọ́ kọjá ojú láìsí etí abẹ. Keïta mọ èyí débi pé ipò ìdúró tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí orí àti èjìká kún inú fọ́tò, di àmì iṣẹ́ rẹ̀.

Aṣọ ibùsùn tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà náà. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, á pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olódòdó mìíràn. Nígbà tó dàgbà, aṣọ ẹ̀yìn wọ̀nyí ló fi ń mọ ọdún tó ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó wọ aṣọ olódòdó yóò dúró níwájú aṣọ olódòdó, bátànì lórí bátànì, kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ sì jẹ́ ibi kan ṣoṣo tó tẹ́jú jọ̀lọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ojú òǹwòran á sáré lọ sinmi níbẹ̀.

Kámẹ́rà rẹ̀ náà ràn án lọ́wọ́. Nẹ́gẹ́tíìfù tó ń lò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18, ó sì sábà ń tẹ́ ẹ lé bébà fọ́tò ní tààrà, kí fọ́tò jáde ní ìwọ̀n kan náà. A kò fẹ̀ ẹ́ rárá, nítorí náà kò sí ohun tó fọ́n ká: okùn iṣẹ́ abẹ́rẹ́, gígẹ́ irun, òógùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yọ létè, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àtapadà àti àwọjáde

A ti sọ ti igun àti ti ìwọ̀n. Ó ku awọ ara fúnra rẹ̀. Ẹ wo bàtà aláwọ tí a kùn ní dúdú tí a sì fi bùrọ́ọ̀ṣì nù títí ó fi ń dán. Dúdú ni bàtà náà, ṣùgbọ́n funfun ni ibi tó ń dán lára rẹ̀. Bí a bá sún mọ́ ọn dáadáa, a ó rí i pé fèrèsé yàrá ni funfun yẹn, tó yọ lórí bàtà bíi lórí dígí.

Ọ̀nà méjì ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kúrò lára awọ. Apá kan kò wọlé rárá. Ó kan òkè awọ, ó sì ta padà. A ó pe ìyẹn ní àtapadà. Apá kejì wọ inú awọ, ó rìn kiri láàárín ẹran, ó sì tún jáde síta. Ìyẹn ni àwọjáde. Àwọ̀ ènìyàn wà nínú àwọjáde, nítorí pé inú awọ ni mẹ́lánìn wà, èròjà tó ń sọ awọ di dúdú nípa mímu ìmọ́lẹ̀. Bí mẹ́lánìn bá ṣe pọ̀ tó ni àwọjáde ṣe ń dín kù tó.

Àtapadà ò bìkítà fún mẹ́lánìn. Nínú ìmọ́lẹ̀ 100 tó bá kọ lu awọ lójú tààrà, nǹkan bíi 5 ló ń ta padà, ì báà jẹ́ awọ òyìnbó tàbí awọ adúláwọ̀. Lára awọ tó mọ́lẹ̀, àwọjáde pọ̀ débi pé ó ń bo ìwọ̀nba dídán yìí mọ́lẹ̀. Lára awọ dúdú, àwọjáde kéré, dídán yẹn sì gba iwájú. Òun ló ń sọ ibi tí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ga, ibi tí imú ti yí, ibi tí iwájú orí ti tẹ̀. Ìdí nìyí tí ayàwòrán tó mọ awọ dúdú yà kì í fi béèrè pé báwo ni ìmọ́lẹ̀ òun ṣe pọ̀ tó. Ó ń béèrè pé: kí ni awọ yìí ń rí bíi dígí? Bó bá jẹ́ fíláàṣì kékeré, ẹ̀kán funfun kan ni yóò yọ níwájú orí, bí epo tó ta sí aṣọ. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ńlá, dídán gígùn tó rọra yọ́ ni yóò tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Pọ́dà ń pa àtapadà, nítorí pé ẹyọ pọ́dà kọ̀ọ̀kan ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ síbi tó wù ú. Òrí àti àdín ń gbé e dìde, nítorí pé wọ́n ń dí ihò wẹ́wẹ́ òkè awọ, wọ́n sì ń sọ ọ́ di dígí tó tẹ́jú. Nínú iṣẹ́ dúdú-funfun Rotimi Fani-Kayode, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1955, tó sì kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1989, ìmọ́lẹ̀ tó ń dán lórí èjìká àti ẹ̀yìn ọkùnrin adúláwọ̀ ló ń ya ara náà jáde kúrò nínú òkùnkùn.

Nígbà tí àwọ̀ bá kúrò

Ọmọ-ọmọ Màmá tún ṣe ohun kan: ó yọ àwọ̀ kúrò. Yíyọ àwọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré, nítorí pé ẹnì kan tàbí ẹ̀rọ kan ní láti pinnu eérú wo ni yóò dípò pupa, àti èwo ni yóò dípò búlúù.

Inú fíìmù àtijọ́ ni iyọ̀ fàdákà wà, ẹyọ wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń sọ di dúdú nígbà tí a bá fọ fíìmù náà ní yàrá òkùnkùn. Iyọ̀ yìí fúnra rẹ̀ fọ́jú sí pupa. Búlúù ló ń rí jù. Nínú fọ́tò àwọn ọdún 1860, nítorí náà, ẹyinjú búlúù ń funfun bí omi, ètè pupa ń dúdú, gbogbo àmì pupa àti àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tó wà lójú òyìnbó sì ń yọ síta ju bí ojúyòójú ti ń rí wọn lọ. Ní 1873, Hermann Wilhelm Vogel ní Berlin rí i pé bí a bá po aró kan mọ́ iyọ̀ náà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ tí kò rí tẹ́lẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ṣe fíìmù tó ń rí gbogbo àwọ̀.

Ìdí tó fi kan ìrílọ́wọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ pupa ń wọ inú awọ jìnnà ju búlúù lọ. Pupa á wọlé, á fọ́n ká nínú ẹran, á sì jáde níbi tó jìnnà díẹ̀ sí ibi tó gbà wọlé. Ó ń da ààlà àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ rú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó na ọwọ́ bo iná tọ́ọ̀ṣì lóru: pupa nìkan ló ń la ìka kọjá. Búlúù kì í jìnnà sí òkè awọ, àmì àti àpá tó bá sì pàdé níbẹ̀ ló ń kọ sílẹ̀. Fóònù ń gba pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó pò wọ́n pọ̀. Bí a bá sọ fọ́tò di dúdú-funfun pẹ̀lú pupa tó pọ̀, awọ á tẹ́jú, á sì mọ́lẹ̀. Pẹ̀lú búlúù tó pọ̀, awọ á dúdú, gbogbo àpá rẹ̀ á sì sọ̀rọ̀.

Àkàsọ̀ eérú

Ní nǹkan bí ọdún 1940, àwọn ayàwòrán Ansel Adams àti Fred Archer ní California pín gbogbo àwọ̀ tó wà láàárín dúdú biribiri àti funfun báláú sí ipele 11, láti òdo dé 10. Ká pè é ní àkàsọ̀ eérú. Ìmọ́lẹ̀ ipele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìrílọ́wọ́ kò sí ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kò sì sí lókè pátápátá. Àárín ló ń gbé.

Kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń wò. Ó kàn ń ṣírò pé bí a bá da gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, eérú àárín ni yóò jẹ́. Fún un ní bàbá kan tó wọ léèsì funfun láti orí dé ẹsẹ̀: kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á fà á wálẹ̀. Léèsì á di eérú, ojú bàbá á sì já sí ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, níbi tí ilà, ìhunjọ àti irùngbọ̀n ti di dúdú kan náà. Lórí fóònù, ìka tí a bá fi kan ojú bàbá náà lórí gíláàsì ń sọ fún ẹ̀rọ pé ojú yìí ni kó fi ṣe òṣùwọ̀n, kó má wo ti léèsì.

Àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ ń gbé ní ìsàlẹ̀ àkàsọ̀. Roy DeCarava, ọmọ Harlem tó gbé ayé láti 1919 sí 2009, kì í fẹ́ fíláàṣì. Ó ń fọ fọ́tò rẹ̀ dúdú, débi pé ojú òǹwòran ní láti dúró díẹ̀, bí ìgbà tí a bá ti òde oòrùn wọ yàrá, kí ojú ẹni inú fọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Ní Nàìjíríà, J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun obìnrin ní 1968, ó sì kó nǹkan bí 1,000 fọ́tò irun jọ kó tó kú ní 2014. Ẹ̀yìn orí ló yà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Irun dúdú, òwú dúdú: ipele méjì tàbí mẹ́ta ló ní láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀ nínú fọ́tò Onílé Gogoro ti 1975, òwú tó wé irun ní àtapadà tirẹ̀, awọ orí tó wà láàárín ìpín irun ní tirẹ̀, a sì lè fi ojú tẹ̀lé ọwọ́ onídìrí láti ìdí irun dé ṣóńṣó.

Nílé Màmá, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọmọ-ọmọ wọn fẹ́ ya ọ̀kan sí i. Ẹ̀gbẹ́ ojú tó kọjú sí ilẹ̀kùn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì ti já sí ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, pélé ibẹ̀ ò sì hàn mọ́. Ó wọ yàrá lọ, ó mú aṣọ ìbora funfun kan jáde, ó ní kí àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì nà án lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà kọ lu aṣọ náà, ó ta padà. Ìlà mẹ́ta yọ nínú òjìji, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí.

"Màmá, ẹ má mira o."